Ẹja Àkúrẹ́ Ń Wẹ̀ ní Jámánì. Ta Ló Ń Ṣọ́ Èyí Tó Kù Nílé?

Ẹ̀rùn ti wọlé. Ìṣàn omi kékeré tó gba àárín oko kòkó kọjá ní ìkángun ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kò ṣàn mọ́; ó ti já sí kòtò kòtò lábẹ́ igi. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti fi ẹrẹ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ dí ojú omi níbì kan, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n ń fi bàsíà gbọ́n omi inú kòtò náà dànù sí òdìkejì. Ọmọdébìnrin kan gbé ajọ̀ dání, ó ń retí ìgbà tí omi yóò fà dé ọrùn ẹsẹ̀.

Bí omi ṣe ń fà ni ẹja ń yọjú. Àrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ wá nínú ẹrẹ̀, èpìyà kéékèèké tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ọmọ náà ki ajọ̀ bọ ìdí koríko etí omi, ó gbé e sókè. Ẹja wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka àárín lọ, gbogbo wọn ń ta gìrìgìrì. Inú garawa kan náà ni wọ́n dà wọ́n sí pẹ̀lú edé. Lálẹ́, wọn yóò wọ ọbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọn á sá a sóòrùn. Tó bá dé ọjà, yọ́yọ́ ni gbogbo wọn.

Kò sí ẹ̀bi nínú ohun tí àwọn obìnrin yìí ń ṣe. Àwọn ìyá ìyá wọn ti gbọ́n odò bẹ́ẹ̀ rí, òjò àkọ́rọ̀ a sì dá ẹja padà. Bàsíà kò pa odò rí. Ohun tó ń pa odò ti yàtọ̀ báyìí, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ inú ajọ̀ yìí ló sì kọ́kọ́ ń kú.

Akọ ló ń dán

Ẹ jẹ́ ká mú irú ẹja wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo, ká wò ó dáadáa: èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fundulopanchax gardneri. Ẹja inú ìṣàn kéékèèké ni, Nàìjíríà àti ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀. Kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Nínú garawa, kò yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ bò ó, ẹ̀rù ti gba àwọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé akọ rẹ̀ sínú ìgò omi tó mọ́, tí oòrùn àárọ̀ sì kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ á máa kọ mànà bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn fọ̀, búlúù tó fẹ́ ya sí àwọ̀ ewé. Àmì pupa wínníwínní tò sí i lára láti ìrù bọ̀ wá sí ọrùn; nígbà tí wọ́n bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á so pọ̀ di ìlà. Etí lẹbẹ rẹ̀ a máa jẹ́ yẹ́lò lára àwọn kan, funfun lára àwọn mìíràn. Abo kò ní irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni tirẹ̀, pẹ̀lú àmì wẹ́wẹ́, òun sì ló gbọ́n jù, nítorí ẹyẹ apẹja kì í tètè rí i.

Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè. Ojú omi ló ti ń jẹun: èèrà tó já láti orí ewé, kòkòrò tó ṣìnà bọ́ sómi, àti ìdin ẹ̀fọn tó bá gòkè wá mí. Kì í gbé ojú odò ńlá tí ọkọ̀ ti ń kọjá. Abẹ́ igbó ni tirẹ̀, etí àbàtà, ibi tí omi kò ti ju orúnkún lọ, tí gbòǹgbò igi sì wọ inú omi. Ẹja ńlá kò lè bá a débẹ̀.

Mo fi ara balẹ̀ sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá rí i rí nínú ìgò kì í tún fojú èròjà ọbẹ̀ nìkan wò ó mọ́.

Orúkọ Àkúrẹ́ lẹ́yìn odi

Ọdún 1911 ni George Albert Boulenger, onímọ̀ ẹja tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní London, kọ nípa ẹja yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ tó fi kọ ọ́ wá láti agbègbè odò Cross ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Gardner tó kó o ránṣẹ́ ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹja náà kò sọ̀rọ̀, àwọn tó ń pa á jẹ kò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ òyìnbó ṣe mọ́ ọn lára.

Lọ́dún 1963, ọdún kan náà tí Nàìjíríà yọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní olórí tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Clausen kọ nípa irú ẹja yìí mìíràn láti Nàìjíríà, ó sì pè é ní nigerianum. Ẹ̀yà gardneri ni wọ́n ń kà á sí lónìí. Ẹ fi orúkọ Clausen sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Àárín àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ni ìtàn náà ti gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Britain, Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa sin ìdílé ẹja wẹ́wẹ́ yìí, kí wọ́n máa pín ẹyin rẹ̀ láàárín ara wọn. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó ẹja gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé orúkọ ẹja. Ìdí nìyẹn tí gardneri "Akure" fi wà láàárín wọn, tí "Makurdi" wà, tí "Lafia" àti "Jos Plateau" náà wà. Ìbátan rẹ̀ kan, Aphyosemion bitaeniatum, ní èyí tí wọ́n ń pè ní "Ijebu Ode".

Ẹni tó ń sìn ín ní Hamburg tàbí ní Manchester lè má mọ ibi tí Àkúrẹ́ wà lórí máàpù. Síbẹ̀, kò jẹ́ pa akọ Àkúrẹ́ pọ̀ mọ́ abo Makurdi láéláé. Kì í ṣe àṣejù. J. J. Scheel, ọmọ Denmark mìíràn tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìdílé ẹja yìí lọ́dún 1968, ló kọ́ wọn pé ẹja méjì tó jọra lójú lè yàtọ̀ pátápátá nínú ẹ̀jẹ̀, débi pé bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ wọn lè yàgàn. Ìṣàn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ìṣàn kan bá gbẹ tàbí tí wọ́n bá da májèlé sí i, kì í ṣe gbogbo ẹja kan náà tó wà ní ibi gbogbo ló dín kù. Ọmọ bíbí ibẹ̀ ló parun.

Ẹyin tó ń gba inú àpòòwé rìnrìn àjò

Báwo ni ẹja tí kò lè kọjá ìṣísẹ̀ kan lórí ilẹ̀ ṣe dé gbogbo ayé? Ẹyin rẹ̀ ni àṣírí.

Abo kì í yé ẹyin rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yé e lójoojúmọ́, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò àti ewé inú omi. Ẹyin kọ̀ọ̀kan kò tó mìlímítà 2, ṣùgbọ́n ìpele òde rẹ̀ le gan-an. Bó bá wà nínú omi, á pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí omi bá fà, tí ẹyin bá kù sínú ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà tó ṣì ní ìrì díẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ kì í kú. Á dúró. Nígbà tí omi bá tún bò ó, á jáde.

Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rùn ní ilé ló gbé e dé òkè òkun. Àwọn tó ń sìn ín a máa kó ẹyin sínú eésan ewé tútù, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á fi àpòòwé ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á da omi lé e lórí, ọmọ ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀.

Àwọn ìbátan rẹ̀ kan tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fundulopanchax filamentosus, tó wà láti Togo dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, a máa gbé inú kòtò omi tó ń gbẹ pátá. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, Nothobranchius furzeri ń pa, ó ń dàgbà, ó ń yé ẹyin, ó sì ń kú láàárín oṣù díẹ̀, kí kòtò rẹ̀ tó gbẹ. Nítorí bí ogbó ṣe ń tètè dé sí i, ilé ìwádìí Max Planck tó wà ní ìlú Cologne ní Jámánì ń fi í kẹ́kọ̀ọ́ ohun tó ń mú ara ẹ̀dá gbó. Irú ẹja tí a ń dà sínú garawa ni àwọn dókítà òkè òkun ń tẹjú mọ́ láti mọ bí àwa náà ṣe lè pẹ́ láyé.

Láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀sẹ̀

Ẹnì kan lè ní kí ló kan Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ̀n nínú ọ̀rọ̀ ẹja Àkúrẹ́. Omi ló so wọ́n pọ̀. Odò Àlá tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá ń lọ pàdé Ògbèsè, Ògbèsè sì ń lọ pàdé Ọ̀sẹ̀. Odò Ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ ti òkè ilẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ wá, ó kọjá ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, ó fún ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìfọ̀n jẹ́ olú rẹ̀ ní orúkọ, ó wọ ilẹ̀ Ẹdó, ó sì dé etí òkun níkẹyìn. Ojú kan náà ni gbogbo omi yìí ń kó sí. Ìṣàn tó wà lẹ́yìn ilé ẹnì kan ní Ọ̀wọ̀, èyí tí wọn kò tilẹ̀ kà sí odò, ara Ọ̀sẹ̀ ni.

Àwọn àgbà apẹja a máa sọ pé ìgbà kan wà tí ìgèrè tí wọ́n dẹ lálẹ́ kì í ṣófo láàárọ̀, tí ọmọdé tó lọ pọn omi á fi kèrègbè gbé ẹja wẹ́wẹ́ wálé láìmọ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja náà ń sọ tiwọn: ẹja odò ti di ọ̀wọ́n, ẹja òkú èkó ló gba àtẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sì ní ìṣòro mìíràn tó yàtọ̀ sí ẹja. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní oko jíjìn. Ibi tí àgbẹ̀ kò dé mọ́, olùwádìí náà kì í dé.

Ìwádìí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ń ṣe lórí ẹja sábà máa ń dá lórí odò ńlá, adágún àti ẹja tó ń lọ sọ́jà: àrọ̀, èpìyà, ọ̀bọ̀kún. Ó yé mi. Àrọ̀ ló ń bọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n àrọ̀ náà kì í jẹ afẹ́fẹ́.

Oògùn kòkó nínú omi

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí jù nìyí, n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ kòkó ni Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Kòkó ní kòkòrò tó ń fa omi ara rẹ̀ mu, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń fi oògùn bá a jà tipẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn nígbà kan ni Gamalin 20. Lindane ni májèlé inú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi rí i pé ohun tó ń pa kòkòrò orí igi ń pa ẹja inú omi kíá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdérí kan tàbí méjì sínú kòtò omi ní ẹ̀rùn. Kí wákàtí kan tó pé, ẹja á ti léfòó, inú á kọjú sókè. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á yan án, wọ́n á tà á fún ẹni tí kò mọ ohun tó pa á.

Lọ́dún 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi lindane sí ara àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Kí ìyẹn tó dé, òfin ẹja inú odò ti Nàìjíríà, nọ́ńbà 108 ti ọdún 1992, ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi májèlé, àdó olóró tàbí iná mànàmáná pẹja. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì de atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn oògùn apakoríko méjì tí àgbẹ̀ wa ń lò gan-an. Ìwé òfin pọ̀. Ta ló ń gbé e dé etí omi?

Ìyàtọ̀ wà láàárín ewé tí àwọn baba wa ń gún dà sómi àti ìgò oògùn ìsinsìnyí. Ewé náà a máa pa ẹja; kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń lọ, àjọṣe ni wọ́n sì máa ń fi í ṣe, pẹ̀lú àṣẹ àwọn àgbà, lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú fẹnu kò sí. Oògùn inú ìgò kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo lè fi òru kan pa odò kan. Kì í sì í ṣe ẹja nìkan: edé, akàn, ìdin àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ, gbogbo wọn ló ń bá a lọ. Òjò tó rọ̀ sórí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n á tún gbá ìyókù wá sínú omi, láìsí ẹni tó gbèrò ibi.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹja wẹ́wẹ́ ló ń jìyà jù kò ṣòro. Odò ńlá bíi Ọ̀sẹ̀ lè fara da ìpalára díẹ̀. Omi rẹ̀ pọ̀, á po májèlé náà dànù, ẹja á sì tún sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá rọ́pò èyí tó kú. Ìṣàn orísun kò ní òkè mìíràn. Ní ẹ̀rùn, gbogbo ẹja inú rẹ̀ ti kó jọ sínú kòtò díẹ̀, ìdérí ìgò kan tó wọn. Bí gbogbo ẹja ọ̀hún bá kú, kò sí ibì kankan tí òmíràn yóò ti wá àfi kó gun òkè odò wá láti ìsàlẹ̀, kó sì la ẹnu ẹja ńlá kọjá. Ẹja tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ kì í sábà yè é.

Igbó náà kún ẹjọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bá bẹ́ igi etí omi, oòrùn á wọlé, omi á gbóná, èémí inú rẹ̀ á dín kù, ewé tí kòkòrò ti ń já bọ́ kò sí mọ́. Erùpẹ̀ á ya wọlé, á bo ibi tí ẹyin ń lẹ̀ mọ́. Ní ìhà Òkèlúsè, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó dára kí ilẹ̀ ní ọrọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wà á, kí wọ́n ka àwọn ìṣàn tó yí i ká kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìdin ẹ̀fọn

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, àwọn ènìyàn ti ń mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ìjọba pín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sétí omi. Ojú rẹ̀ há tó láti kó ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, oògùn kòkòrò tí wọ́n rẹ ẹ́ sí sì ń bá a wọ omi. Òfin Nàìjíríà ní kí ojú àwọ̀n inú odò má ṣe dín ní íǹṣì 3. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò súnmọ́ ọn.

Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹja tí nẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbá lọ wà lára ohun tó ń bá wa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Mi ò sọ pé ẹja wẹ́wẹ́ nìkan lè gba ìlú lọ́wọ́ ibà. Ẹ̀fọn a máa yé ẹyin sínú ipa ẹsẹ̀ màlúù àti táyà àlòkù níbi tí ẹja kò sí. Ṣùgbọ́n etí àbàtà tí ẹja wà yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ayé ti mọ èyí tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ Gambusia láti Amẹ́ríkà lọ sí oríṣiríṣi ilẹ̀ láti bá wọn jẹ ẹ̀fọn. Ibi púpọ̀ ló ti di ìyọnu, ó ń jẹ lẹbẹ àwọn ẹja onílé, ó ń jẹ ọmọ wọn. Àwa kò nílò àjèjì. Ẹja tó mọ omi wa ti wà níbẹ̀ kí a tó dé.

Àjèjì kò tilẹ̀ ní láti ti òkè òkun wá kó tó ṣe jàǹbá. Ní adágún Ejagham ní Kamẹrúùnù, níbi tí ẹ̀yà gardneri kan ń gbé, tí kò sí níbòmíràn, àwọn kan ju irú àrọ̀ kan sínú omi. Àwọn onímọ̀ ti kígbe nípa ohun tí àrọ̀ náà lè ṣe sí ẹja ibẹ̀. Àwọn tó ń sin àrọ̀ lẹ́yìn ilé ní Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ kò ṣe ohun tó burú. Kí wọ́n sáà má da omi àti ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìṣàn kékeré.

Ìbátan ṣàwá

Mo ní kí ẹ fi orúkọ Clausen sọ́kàn. Ọdún mẹ́rin kí ó tó kọ nípa nigerianum, ní 1959, ó ti gbé ẹja mìíràn jáde tó ya gbogbo onímọ̀ lẹ́nu. Denticeps clupeoides ló pè é. Inú àwọn odò kéékèèké gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àti agbègbè rẹ̀ ló ń gbé. Ó wà ní Benin àti Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Eyín wẹ́wẹ́ hù sí i lára ní ìta, lórí àti lábẹ́ àgbọ̀n.

Ìdílé ṣàwá àti sàdíǹ ni ẹja yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó ti ya kúrò lára gbogbo wọn láti ayébáyé, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló kù ní agbo tirẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n rí jẹ́ egungun inú òkúta ní Tanzania, ọjọ́ orí òkúta náà sì ju mílíọ̀nù 40 ọdún lọ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Greenwood kọ nípa ìyẹn ní 1960. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti ka gbogbo ìwé àbùdá Denticeps tán, wọ́n sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé ti lè wò ó.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ìyá tó ń ta ẹja òkú èkó ní ọjà Ọ̀wọ̀ ń ta ṣàwá tí wọ́n kó láti òkun àríwá Yúróòpù. Ẹ̀dá tó lè sọ ìtàn bí ìdílé ṣàwá ṣe bẹ̀rẹ̀ ń gbé inú ìṣàn omi ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn sì ń jẹ ẹ́ mọ́ edé. Títí di 1959, kò sí nínú ìwé onímọ̀ kankan. Bí ẹnì kan bá ti fi Gamalin pa odò rẹ̀ ní 1958, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wà rí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé ìṣàn tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ̀n jẹ́ omi lásán.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹja Àkúrẹ́ bá tán nílé, ṣebí ó wà ní Jámánì, wọ́n á dá a padà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sìn ín. Bí kì í bá ṣe tiwọn, orúkọ Àkúrẹ́ kì bá tí sí lára ẹja kankan. Ṣùgbọ́n ẹja tí baba ńlá rẹ̀ ti ń jẹun láti ọwọ́ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ìran, tí kò rí ẹyẹ apẹja rí, tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ti ara ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n kó lọ wá, kì í ṣe ohun tí a lè kàn dà sínú ìṣàn kí á máa lọ. Omi tó pa àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àdéhùn Nagoya ti 2010, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ní kí ẹni tó bá jèrè lára ohun alààyè ilẹ̀ kan pín èrè náà pẹ̀lú onílẹ̀. Ó yẹ kí a béèrè. Ó yẹ kí a sì ní ohun tí a fẹ́ fi hàn nígbà tí wọ́n bá dé.

Àpẹẹrẹ ilé wà. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO gbà wọlé ní 2005, ẹnikẹ́ni kì í pẹja, odò náà sì kún fún ẹja tí kò sá fún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní ìṣàn kan tí wọn kì í pa ẹja inú rẹ̀, yálà nítorí òrìṣà tàbí nítorí ohun tí baba ìlú sọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ti òrìṣà lè gbọ́ ti ọmọ rẹ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ yan ìṣàn orísun kan ṣoṣo, kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n fi igi etí rẹ̀ sílẹ̀, kí àgbẹ̀ tó bá ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má fọ́n oògùn dé bèbè omi, kí ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìgò oògùn létí omi dáhùn níwájú ìlú. Odò yòókù, kí á máa pa ẹja inú rẹ̀ lọ bí a ti ń ṣe.

Iṣẹ́ tó kù kò ju agbára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga tìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹja wà ní Àkúrẹ́, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá. Ajọ̀, ìgò, fóònù tó ń ya àwòrán, àti ìwé tí wọ́n á kọ orúkọ ìṣàn àti ọjọ́ sí: ìyẹn ti tó láti mọ ohun tó wà nínú omi kan kí wọ́n tó dá a padà sínú omi. Àwọn tó ń gbọ́n odò ní ẹ̀rùn ni wọ́n yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi, nítorí wọ́n mọ kòtò tí ẹja aláwọ̀ ń wà àti èyí tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ́ igi ibẹ̀. Àkókò tó dára jù ni lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí omi ti bo ẹrẹ̀, tí ẹyin ti pa, tí àwọn akọ sì ń jà lórí ibùgbé ní etí koríko, tí àwọ̀ wọn mọ́ jù.